Wọ́n Fọ Ọ̀rọ̀ Suwaibat Mọ́ Tónítóní

Ọlọ́run fún ọ̀gá wa, Alhaji Ìsìmáílà, ní irú ọgbọ́n tí wọn kì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní ilé ìwé. Ilé iṣẹ́ tírélà rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Liverpool Road, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táyà. Iṣẹ́ wa ni láti bá àwọn oníbàárà gbé kọ̀ntánà wọn jáde ní pọ́ọ̀tù Tin Can. Nígbà tí ẹrù àwọn ènìyàn há síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n sì ń fi ìpè da ọ́fíìsì láàmú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá míì ì bá ti tún ọkọ̀ rẹ̀ tó bàjẹ́ ṣe. Alhaji kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé fóònù ọ́fíìsì fún ẹnì kan ṣoṣo tó ń kólòlò láàárín wa.

Suwaibat ni orúkọ ẹni náà, ṣùgbọ́n Àdùfẹ́ ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí. Obìnrin tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni ọdún méjìdínlógójì, tí híjáàbù rẹ̀ kì í rún bí ó ti wù kí ooru mú tó. Òun ló ń kọ ìwé àwọn ọkọ̀ tó bá fẹ́ wọ pọ́ọ̀tù tẹ́lẹ̀, ọdún mẹ́fà ló sì fi ṣe é láìṣi nọ́ńbà ọkọ̀ kan kọ. Alhaji ní iṣẹ́ yẹn ti kéré jù fún ẹ̀bùn rẹ̀. Ó sọ ọ́ di Ọ̀gá Pátápátá fún Ìtọ́jú Oníbàárà. Oyè náà gùn gan-an. Àga tó ń jókòó lé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́, kò yí padà.

Ẹ ó rí bí ìtọ́jú náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Oníbàárà á pè, inú á ti máa ru ú, á ti to èébú sẹ́nu. Suwaibat á gbé e, á ní “Ẹ k-k-k-k…” Kó tó kan “káàárọ̀”, àánú á ti ṣe ẹlòmíì, ojú á ti ti ẹlòmíì, ẹlòmíì á sì rántí pé káàdì òun ló ń jó lọ. Wọ́n á pa fóònù. Láàárín oṣù kan, ẹ̀sùn tó ń wọlé dín sí ìdajì. Alhaji ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní mọ́sálásí pé àwọn oníbàárà òun ti ń ní ìtẹ́lọ́rùn. Èmi Gafar ni mo jókòó sí tábìlì tó kọjú sí tirẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i, kí n má purọ́. Mo sì máa ń bá a parí ọ̀rọ̀, nítorí pé ọmọlúàbí ni mí.

Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Baba rẹ̀ wá láti Ìwó, ó ń wa tírélà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà bi í léèrè orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú Suwaibat sì ni ọ̀tá rẹ̀ láyé. Ó dúró ti “s-s-s” náà títí tó fi rẹ tíṣà, tíṣà sì yíjú sí ìyá rẹ̀ pé kí ni wọ́n ń pè é nílé. Ìyá dárúkọ oríkì rẹ̀, Àdùfẹ́. Ìyẹn ni tíṣà kọ sínú rẹ́jísítà, ìyẹn ló wà lára sátífíkéètì, ìyẹn ló bá a dé Liverpool Road. Bí ẹnì kan tó fẹ́ tètè lọ jẹun ṣe sọ ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ nìyẹn, láìpa àgbò, láìpe àlùfáà.

Ní ti ìwòsàn, gbogbo ilé ló jẹ́ dókítà. Ìyá Ebinimi tó ń gbé yàrá òdìkejì ní ọbẹ̀ ẹja gbígbóná ló máa wò ó sàn. Ẹlòmíì ní kí wọ́n máa dẹ́rù bà á lójijì. Ní ilé kéwú, wọ́n kọ́ ọ ní àdúà tí wọ́n fi ń tú kókó orí ahọ́n, ó sì ké e láìkọsẹ̀ ní ohùn kan péré. Inú gbogbo ènìyàn dùn, wọ́n ní ó ti tán. Àlùfáà wá ní kó kí àwọn àlejò. “Ẹ k-k-k…” Wọ́n ní kò ké àdúà náà tọkàntọkàn.

Bó ṣe wà nìyẹn títí ọjọ́ tí Tèmítọ́lá pè.

Tèmítọ́lá jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, ó ń kọ ìwé ìwádìí tí wọ́n á fi sọ ọ́ di dókítà. Kọ̀ntánà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lo ọjọ́ mọ́kàndínlógún ní Tin Can, ó sì pè láti wá jà. Suwaibat bẹ̀rẹ̀ ìkíni rẹ̀. Dípò kí arábìnrin náà pa fóònù, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ ni, àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?”

Nígbà tó gbọ́ pé kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Ìkólòlò àti ìdánimọ̀ ni iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lé lórí, ìyẹn ohun tí ojú akólòlò ń rí àti irú ènìyàn tó ka ara rẹ̀ sí nítorí rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló ti fi ń wá obìnrin kan tó ń kólòlò, tó sì ń fi ẹnu ṣiṣẹ́ jẹun. Kò rántí kọ̀ntánà mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún dúró ọjọ́ mọ́kànlá sí i nítorí ìmọ̀.

Ó wá sí ọ́fíìsì wa ní ọjọ́ Sátidé kan. Alhaji fọwọ́ sí i lẹ́yìn tí wọ́n sọ fún un pé wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ nínú ìwé náà, ó sì ní kí èmi jókòó síbẹ̀ kí n máa to ìwé ẹrù, kí n lè gbọ́ bóyá wọ́n á dárúkọ òun. Tèmítọ́lá gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan kalẹ̀, ó gbé ike júùsì méjì kalẹ̀, ó sì gbé páálí tíṣù kan kalẹ̀ fún omijé tó ń bọ̀. Ó mú fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí olójú ìwé mẹ́fà jáde. Ó wà nínú fọ́ọ̀mù náà pé Suwaibat lè dákẹ́ nígbà tó bá wù ú. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé olùwádìí náà gbọ́dọ̀ dákẹ́.

Ó ṣàlàyé pé wọn kì í lo orúkọ ènìyàn gan-an, pé kí Àǹtí Àdùfẹ́ mú orúkọ kan tí wọ́n á fi bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Suwaibat ronú díẹ̀, ó ní “S-s-s-s…” Ó tó ìṣẹ́jú kan gbáko kó tó jáde. Tèmítọ́lá kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì yìn ín pé orúkọ tó dára ni, yóò jọ orúkọ ènìyàn gidi.

Ìbéèrè ogún ló kọ wá, ó sì ní ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni gbogbo rẹ̀ máa gbà. Mi ò mọ ẹnu ta ni wọ́n fi wọn ìṣẹ́jú náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu akólòlò. Nígbà tó máa fi di ìbéèrè kẹrin, aago ti ń lé e. Ó béèrè bó ṣe rí lára Suwaibat nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ gbé e sídìí fóònù.

“Ó b-b-b-b…”

“Ó bà yín nínú jẹ́,” Tèmítọ́lá bá a parí rẹ̀, ó sì rọra ti páálí tíṣù sí iwájú rẹ̀.

Suwaibat mi orí. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró sí “b” yẹn. Tèmítọ́lá gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti wúwo jù fún un, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì bọ́ sí ìbéèrè karùn-ún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìbéèrè kẹfà, ìkẹsàn-án àti ìkẹtàlá nìyẹn pẹ̀lú. Níkẹyìn, Suwaibat kàn ń mi orí, ó ń mu júùsì rẹ̀. Tèmítọ́lá dìde, ó ní ọ̀rọ̀ náà wọ òun lára.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó fi àdàkọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, kí Suwaibat yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ni. Mo bá a tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sì kà á. Háà, ẹ bá gbọ́ bí obìnrin inú ìwé náà ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ bí àwọn tó ń ka ìròyìn. “Ìkólòlò mi bà mí nínú jẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ti fara mọ́ kádàrá.” Kò sí ìdádúró kan, kò sí lẹ́tà kan tó tún ara rẹ̀ pè. Mo yìn ín. Mo ní, Àǹtí, ẹ mà mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ o. Ó wò mí bí ẹni tí mo tẹ̀ lẹ́sẹ̀, tí mo tún ń bi í pé kí ló dé tí kò wọ bàtà.

Ó gbé ìwé náà lọ sílé ní Olódì-Apápá, ó sì gbé e padà lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú bírò pupa lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni “ó bà mí nínú jẹ́” wà nínú rẹ̀. Ó fa ìlà sábẹ́ gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù ọ́fíìsì, ó lo káàdì Alhaji, ó sì pe Tèmítọ́lá. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ lọ́wọ́, àwọn oníbàárà mẹ́fà ló pè tí ọ̀nà kò là fún wọn, ìtọ́jú náà kò sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

“Mi ò s-sọ pé ó bà mí nínú jẹ́,” ó ní. “Ó b-b-bí mi nínú ni. Ó bí mi n-nínú gan-an ni.”

Tèmítọ́lá ṣàlàyé. Ó ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn nínú iṣẹ́ ìwádìí, wọ́n máa ń fọ ọ̀rọ̀ ènìyàn mọ́ kí ẹni tó ń kà á má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní nítorí ọ̀wọ̀ ni. Suwaibat bi í pé ọ̀wọ̀ ta ni. Ó ní ìwé tí wọ́n kọ nípa ìkólòlò òun, òun ò rí ìkólòlò kan níbẹ̀. Ìbínú òun náà, wọ́n ti kó o lọ, wọ́n wá fi ẹkún tí òun ò sun rọ́pò rẹ̀. Ó ní kí ó gbé ẹ̀rọ náà wá, kí àwọn jọ gbọ́ ọ.

Mo gbọ́dọ̀ yin Tèmítọ́lá níbi tó bá yẹ. Ó wá. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n jókòó sídìí ẹ̀rọ náà, ó mú pẹ́ńsù, ó ní òun máa ṣe àmì sílẹ̀ nígbàkúgbà tí òun bá já lu ọ̀rọ̀. Ọ̀mọ̀wé ni, ó fẹ́ràn kó máa ka nǹkan. Ó ń fa ìlà, ó ń fa ìlà. Nígbà tó dé ọgbọ̀n, ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ ló kún inú ẹ̀rọ náà, ohùn jẹ́jẹ́, ohùn aláàánú, tó ń fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu ẹlẹ́nu. Suwaibat fa páálí tíṣù tó ti wà lórí tábìlì láti ọjọ́ kìíní, ó tì í sí iwájú Tèmítọ́lá.

Wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, láìka ìṣẹ́jú. Sátidé méjì ló gbà. Ní àkókò yìí ni mo tó mọ obìnrin tí mo ti ń wò lójú láti ọdún mẹ́ta. Ó sọ ti tíṣà tó yí i lórúkọ padà. Ibẹ̀ ni Tèmítọ́lá ti mọ̀ pé orúkọ tí òun fi ń bo ènìyàn mọ́lẹ̀ gan-an ni orúkọ ẹni náà, èmi náà sì mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ó sọ ti àwọn tó máa ń wo ẹnu rẹ̀ dípò ojú rẹ̀. Ó sọ ti Alhaji. Ó wá yíjú sí ọ̀dọ̀ mi.

“Gafar yìí,” ó ní, “òun ló máa ń p-p-parí ọ̀rọ̀ fún mi jù. Kò s-sì parí rẹ̀ bó ṣe yẹ rí.”

Mo fẹ́ tọrọ àforíjì. Tèmítọ́lá na ọwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́, pé Àǹtí ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Kò sí ẹni tó le tó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́.

Àdàkọ tuntun jẹ́ ojú ìwé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Gbogbo “s-s-s” wà níbẹ̀, gbogbo ìdákẹ́, pẹ̀lú bó ṣe pẹ́ tó. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ Tèmítọ́lá wò ó, ó ní ó ti gùn jù, pé yóò sú àwọn òǹkàwé. Tèmítọ́lá sọ fún un pé ohun tí ìwádìí náà ń sọ gan-an nìyẹn. Wọ́n fà á títí, wọ́n wá fẹnu kò pé kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé.

Nígbà tó tó àkókò láti gbé ìwádìí náà kalẹ̀ fún gbogbo ayé, wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn yunifásítì. Alhaji dá agbádá funfun, ó jókòó sí iwájú. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní irú àwọn agbanisíṣẹ́ báyìí ṣọ̀wọ́n, tó fún akólòlò láǹfààní láti máa fọ̀rọ̀ jẹun. Ó dìde, ó juwọ́. Alága ìjókòó náà, ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan, fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ lórí bó ti ṣe pàtàkì tó láti ní sùúrù fún àwọn tó ń kólòlò. Ó wá ní ẹnì kan lára wọn wà ní ìjókòó, pé yóò bá wa sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì.

Suwaibat gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ orúkọ òun. Orúkọ náà nìkan tó ìdajì ìṣẹ́jú, ó sì sọ ọ́ títí dé òpin, Suwaibat, kì í ṣe Àdùfẹ́. Ó sọ gbólóhùn kejì. Ó dúró pẹ́ láàárín ìkẹta, àwọn èrò rò pé ó ti tán, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó dúró kí wọ́n pàtẹ́wọ́ wọn tán, ó sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láti ibi tó dé. Alága lu aago. Ó tún lu ú.

Suwaibat yíjú sí i. “Ẹ f-f-fi aago yẹn s-sílẹ̀, sà,” ó ní. “Mo ṣì ń s-s-sọ̀rọ̀.”

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló lò. Ó sọ fún wọn pé ẹnu òun kò dun òun rí, pé etí àwọn ènìyàn ló ń dun òun. Ó sọ bí wọ́n ṣe gbé òun sídìí fóònù kí àwọn oníbàárà lè sá, ó ní ó bí òun nínú, ó sì tún un sọ kí ẹnikẹ́ni má baà bá òun sọ ọ́ di ẹ̀bẹ̀ àánú. Àwọn tó wà nítòsí Alhaji ń wo Alhaji. Wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tán, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè gbà á padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún agbádá rẹ̀ ká sí èjìká, ó tú u, ó tún un ká.

Ní ọjọ́ Ajé, ó pe Suwaibat wọ yàrá rẹ̀. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní inú òun ò dùn, pé kí ló dé tó jẹ́ ní ìta gbangba ló ti wá ń sọ ohun tí kò sọ fún òun rí.

“Mo b-bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún yín lọ́dún tó kọjá,” Suwaibat ní. “Ẹ d-dìde lọ kírun àsárì k-kí n tó parí rẹ̀.”

Suwaibat ní òun kò gbé fóònù mọ́, òun fẹ́ máa lọ sí Tin Can fúnra òun, láti máa tẹ̀ lé ìwé àwọn ọkọ̀ wa. Alhaji ní ẹni tó bá máa dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ́nu. Ó rántí ohun tí ẹnu Suwaibat ṣe ní gbọ̀ngàn yunifásítì ní ọjọ́ Sátidé, ó sì fọwọ́ sí i.

Mi ò ní sọ pé gbogbo ẹrù wa wá ń jáde bí omi. Pọ́ọ̀tù ni pọ́ọ̀tù. Ó lọ́jọ́ tí wọ́n ń dá a padà lẹ́nu géètì, ó lọ́jọ́ tó jẹ́ òun nìkan ló rí ìwé gbà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé tí inú bá bí i báyìí, ó ń sọ pé inú bí òun, a sì ń dúró kó sọ ọ́ tán. Ìgbà míì ẹsẹ̀ mi á ti kú kó tó parí.

Fóònù bọ́ sọ́wọ́ tèmi. Wọ́n ní èmi ni mo mọ̀ ọ́n sọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, oníbàárà wa kan tó ń jẹ́ Benson, tó ń kó táìlì wọlé, pè ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo kí i láìkọsẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ láìkọsẹ̀, òun náà sì bú mi láìkọsẹ̀ títí tí wọ́n fi pèrun ọ̀sán. Mo sọ fún un pé ọkọ̀ tó máa gbé ẹrù rẹ̀ ti wà lórí ìlà, pé ó ku díẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ kejì náà nìyẹn, àti lọ́jọ́ kẹta.

Ní ọjọ́ kẹrin, Suwaibat wà ní ọ́fíìsì nígbà tí Benson pè. Ó na ọwọ́, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sọ fún un pé ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì wọ ìlà kankan, pé ó wà ní gáréèjì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nílẹ̀, pé òun fi ojú òun rí i. Benson dúró, ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Madam, God bless you,” ó sì kó ẹrù rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ míì ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Alhaji di orí mú. Ó ní ohun tí òun ń bẹ̀rù láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí, kí obìnrin náà má lọ sọ̀rọ̀ tán.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Benson padà wá pẹ̀lú kọ̀ntánà mẹ́ta. Àwọn tó kó ẹrù lọ sọ́dọ̀ wọn náà ní ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ bíi tèmi. Ó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa fúnra rẹ̀, ó kọjá lára mi, ó kọjá lára Alhaji tó ti na ọwọ́ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní Suwaibat ni òun fẹ́ kó máa mójú tó ẹrù òun. Alhaji ti ń sọ pé kò sí wàhálà, pé ó ti gbà. Suwaibat ní kò tíì gbà. Ó ní òun máa rò ó, òun á sì sọ ohun tí òun bá rò fún wọn.

Gbogbo wa jókòó, àti Benson àti Alhaji, a ń dúró kó rò ó tán, kó sì sọ ọ́ tán.